Ipa Ẹsẹ̀ Inú Yìnyín

Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ fíríìsà Ràbíátù, lábẹ́ ẹran ewúrẹ́ àti panla, kì í ṣe nǹkan jíjẹ. Ike kan ni, wọ́n fi aṣọ pupa dè é lẹ́nu, wọ́n sì fi òwú dúdú wé e títí a kò fi rí ara ike mọ́. Bí àlejò bá ní òun fẹ́ mú yìnyín díẹ̀ sí omi, Ràbíátù á ti dìde kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀ tán.

"Jókòó, jàre. Ṣé mo ti kú ni, tí àlejò fi ń ṣí fíríìsà mi?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò ní kúrò lórí fíríìsà náà.

Ilé ọ̀hún wà ní Clinton, ní Maryland, níbi tí títì ńlá Route 5 ti ń hó lẹ́yìn àwọn igi bí omi tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni. Tó bá ti di ọ̀sángangan, kò sí ẹsẹ̀ ọmọ aráyé kan lójú títì. Àwọn àgbà sì ní ọ̀sángangan ni àwọn tí kì í ṣe èèyàn máa ń ná ọjà tiwọn.

Yàrá ìsàlẹ̀ ilé yìí ni Fẹ̀yìntọlá ń gbé. Olórin ni. Orin rẹ̀ kan ti gba ìgboro Èkó àti Ìbàdàn rí. Ọlọ́kadà ń kọ ọ́, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń kọ ọ́. Ràbíátù ló mú un wá sí Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2002, nítorí iṣẹ́ Ràbíátù ni kó máa mú olórin wá láti ilé láti dá àwọn ọmọ wa níhìn-ín lára yá. Ọjọ́ tó dé, sálúbàtà ló wọ̀ nínú òtútù. Ràbíátù gbá a mọ́ra, ó tọ́ka sí àwọn bàtà tó tò sẹ́nu ọ̀nà.

"Èyí tó bá ti gba ẹsẹ̀ ẹ, wọ̀ ọ́. Bàtà ẹnu ọ̀nà, ti gbogbo ilé ni."

Èèyàn dáadáa ni Ràbíátù lọ́jọ́ náà. Ó ṣe pàtàkì kí á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo olórin tó ti mú wá ṣáájú ló ṣe bí ẹyẹ tí wọ́n ṣí àgò fún. Ọ̀kan gba Atlanta lọ, ọ̀kan gba Chicago, kò sí èyí tó bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá wá kọrin ní gbọ̀ngàn kan ní Bowie, tí àwọn bàbá tó wọ kóòtù ń fi áńkáṣíìfù nu ojú, Ràbíátù dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ:

"Èyí ò ní lọ."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

*

Hillcrest Heights ni Rasaq ń gbé. Lójú ayé, táyà ló ń pààrọ̀ fún onímọ́tò. Ohun tó ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó bá nílò rẹ̀ ló ń mọ̀.

"Erùpẹ̀ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o mú wá," ó wí fún Ràbíátù. "Ẹsẹ̀ òsì."

Ràbíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá Rasaq, erùpẹ̀ wo? Láti orí kápẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú mọ́tò, láti inú mọ́tò bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti dé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà."

"Ní sùúrù. Kò sẹ́ni tó wà láyé tí kò ní í tẹ ilẹ̀."

Ní oṣù kejì ọdún 2003, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó rọ̀ títí mọ́tò fi pòórá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dá, gbogbo Clinton funfun, ó sì dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde níbẹ̀. Fóònù Ràbíátù dún.

"Ràbíátù," Rasaq wí, "Ọlọ́run ti tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ."

Ràbíátù ké sí ìsàlẹ̀ pé kí Fẹ̀yìntọlá bá òun wo inú àpótí lẹ́tà. Fẹ̀yìntọlá, tí kò rí irú rẹ̀ rí, sáré gòkè bí ọmọdé, ó ki ẹsẹ̀ bọ bùútù kan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde, ó ń kọrin, èémí ń rú lẹ́nu rẹ̀ bí èéfín. Kò sí lẹ́tà. Nígbà tó wọlé, tó lọ fi omi gbígbóná wẹ̀, Ràbíátù gba ẹ̀yìnkùlé jáde pẹ̀lú ìgbakọ. Ipa ẹsẹ̀ òsì kan tí kò fọ́ rárá ló wá, ó sì gbé e sínú ike bí ẹni ń tú mọ́ínmọ́ín kúrò nínú ewé.

Ohun tí Rasaq ṣe sí i, Ràbíátù ò rí i. Ó ní kó kọjú sí ògiri. Ìkìlọ̀ rẹ̀ nìkan ló gbé délé.

"Inú òtútù ni kó máa gbé. Títí dé ibi tí káúntì yìí, ìjọba ìbílẹ̀ tí a wà yìí, bá parí sí ni yóò máa lọ, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kọjá ààlà, ohùn rẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó yọ́ o, Ràbíátù. Ọjọ́ tó bá yọ́ láìjẹ́ pé èmi ni mo tú u, ẹni tó ni ín yóò bá omi lọ."

*

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mobáyọ̀ ní ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn orin sílẹ̀ ní Houston. Ó ti gbọ́ orin Fẹ̀yìntọlá, ó ní kó wá ṣe àwo orin tuntun lọ́dọ̀ òun, èyí tí ayé yóò fi mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tí Fẹ̀yìntọlá tún fẹ́ láyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí òtútù rọlẹ̀, Mobáyọ̀ wá mú un fúnra rẹ̀. Òdìkejì odò Potomac, ní Virginia, ni pápákọ̀ òfurufú wà, afárá Wilson ni wọn ó sì gbà.

Ọ̀sán ni. Fẹ̀yìntọlá ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gun orí afárá, iná pupa tàn, mọ́tò gbogbo dúró. Ọkọ̀ ojú omi kan fẹ́ kọjá nísàlẹ̀. Afárá náà là sí méjì níwájú wọn, apá rẹ̀ méjèèjì gòkè díẹ̀díẹ̀ bí apá ẹni tó fẹ́ gégùn-ún.

Òtútù kan bẹ̀rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì Fẹ̀yìntọlá. Ó gun ojúgun, ó gun itan, ó rọra gba àyà kọjá bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ. Nígbà tó dé ọ̀fun, ó jókòó.

"Kọ èyí tó kù," Mobáyọ̀ wí. "Mo ń gbádùn ẹ̀."

Fẹ̀yìntọlá la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

"Fẹ̀yìn, má bá mi ṣeré. Fẹ̀yìn?"

Ó di ọrùn ara rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. Nígbà tí afárá padà so pọ̀, Mobáyọ̀ wá ibi tó ti lè ṣẹ́rí, ó sì gbé e padà. Ní Oxon Hill, tó wà nínú káúntì náà, láìròtẹ́lẹ̀, igbe tó ti ń ké láti ìgbà yẹn bọ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Mobáyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu mọ́tò ẹlòmíràn.

Dókítà yẹ ọ̀fun náà wò, kò rí nǹkan kan. Fẹ̀yìntọlá gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ó gba Hillcrest Heights lọ kó lè wọ Washington. Bí ilé àkọ́kọ́ ti ìlú náà ṣe yọ, ohùn lọ. Ó wọ rélùwéè láti Bowie. Kò pẹ́ tó fi bọ́lẹ̀, ó ń sunkún láìní ohùn, àwọn òyìnbó ń yẹra fún un. Bẹ́ẹ̀ bó bá wà nínú káúntì, ohùn rẹ̀ dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bowie, àwọn ìyá ń dìde dúró bó bá ń kọrin, wọ́n ń sọ pé ọmọ yìí ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa láé. Gbólóhùn yẹn ń dún létí rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì.

Ràbíátù tọ́jú rẹ̀. Ó se ọbẹ̀ ata fún un, ó po oyin mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́.

"Àbúrò mi, ilé lo wà. Kí lò ń wá lọ?"

"Àǹtí Ràbí, ẹsẹ̀ òsì mi ń tutù."

"Ti gbogbo wa ló ń tutù. Amẹ́ríkà ni."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí àwọn èèyàn ń fi ìwé fẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ náà ṣì tutù. Ibi tí Fẹ̀yìntọlá bá gbà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ipa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo á tutù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi aṣọ nù ún kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ohun tó tún ṣàkíyèsí, tí kò sì yé e, ni pé Ràbíátù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun nínú ooru oṣù keje. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ̀ ọ́ sí.

*

Fẹ̀yìntọlá ra káàdì fóònù, ó pe ìyá ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

"Sọ̀rọ̀ sókè, Fẹ̀yìntọlá. Àbí wọ́n ti gba ohùn yẹn lẹ́nu ẹ lóòótọ́?"

"Ó ṣì wà, Ìyá Àgbà. Ibi tí mo wà yìí nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn."

"Mo ti gbàdúrà, mà."

"Máa gbà á lọ, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Níbo lo ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó rọ̀?"

"Kò síbì kankan. Gbogbo ilẹ̀ wọn ló le. Àfi yìnyín."

Ìyá Àgbà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló rán ẹ jáde sínú yìnyín?"

Fẹ̀yìntọlá gbójú sókè. Lókè orí rẹ̀, ó ń gbọ́ Ràbíátù tó ń rìn nínú kíṣìnì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dún kò, kò. Ti òsì ń wọ́ nílẹ̀.

"Ó dáa," Ìyá Àgbà wí. "Má dárúkọ. Màá fi nǹkan ránṣẹ́. Má tọ́ ọ wò lásán. Ọjọ́ tí o bá rí ohun tí wọ́n fi dè ẹ́, pò ó mọ́ ọn, kí o sì gbé e mì. Ohun tó bá ti wọ inú èèyàn, ta ni yóò tún jí i?"

"Bí mi ò bá rí i ńkọ́, mà?"

"Ohun tí wọ́n bá fi omi ṣe kì í pamọ́ títí. Omi á wá ọ̀nà."

*

Rasaq ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ó wà lábẹ́ mọ́tò kan, ni táyà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè bá bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Kò nu ojú tó fi pe Ràbíátù.

"Arúgbó kan ń pe orúkọ ọmọ yẹn láti ilé. Ohunkóhun tó bá ti ilé dé, má jẹ́ kó kọjá lọ́wọ́ ẹ."

Nígbà tó lọ bá a, ó fún un ní nǹkan dúdú kan tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà, kí agbára tó bá gba orí rẹ̀ wọlé lè rọ. Ràbíátù tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́nà. Nígbà tí ìyá ìjọ kan ti Ọ̀yọ́ dé pẹ̀lú ẹrù Fẹ̀yìntọlá, Ràbíátù tú u wò níṣojú rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń ṣeré. Ó jọ̀ gàrí, ó fọ ẹ̀gúsí wò. Ó ṣí ike òrí kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òrí? Ìyá ẹ rò pé kò sí ìpara ní Amẹ́ríkà?"

"Ara mi ń gbẹ ni, Àǹtí."

Ràbíátù dé ike náà, ó jù ú sí i. Ìsàlẹ̀ òrí yẹn ni lẹ̀búlẹ́bú dúdú tí Ìyá Àgbà fi ránṣẹ́ wà, nínú ọ̀rá. Ìyá ìjọ ọ̀hún ò sì gba orí ẹní kọjá. Gáréèjì ló gbà wọlé, nítorí òjò.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni Mobáyọ̀ pè láti Houston. "Mi ò lè máa dúró de ọ̀fun, Fẹ̀yìn. Mò ń bọ̀ wá sí Virginia nínú oṣù kẹsàn-án. Màá yà wá mú ẹ. Bó bá tún rí bíi ti àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ni màá gbé iṣẹ́ yẹn fún. Má bínú."

"Mi ò bínú, Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì ti tutù.

*

Oṣù kẹsàn-án ni ìjì ńlá náà jà. Igi wó lu wáyà, iná lọ ní Clinton, ó lọ ní ibi púpọ̀ nínú káúntì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ pẹ̀lú oòrùn, ó mú bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ràbíátù kò dúró jẹun. Ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú, ó ń lọ wá yìnyín rà.

"Má ṣí fíríìsà o, Fẹ̀yìn. Bí a ò bá ṣí i, ẹran ò ní bàjẹ́."

Fẹ̀yìntọlá ò ṣí i. Yàrá rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń di ẹrù de Mobáyọ̀, nígbà tó rí omi. Ó tín-ínrín bí okùn. Ó ti inú kíṣìnì wá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn kan bọ́ sórí èkejì. Kò tàn ká. Ó la ilẹ̀ yàrá kọjá tààrà, ó dé ibi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì dúró.

Ó tẹ̀ lé omi náà gòkè.

Òórùn ẹran ti ń yí padà. Ó kó panla kúrò, ó kó ewúrẹ́ kúrò. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ pupa, ó gbé ike náà jáde. Ó tú òwú dúdú náà, ó tú u, ó tú u, ó dà bíi pé kò ní tán. Nínú ike, yìnyín kan ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ipa bàtà kan sì hàn lójú rẹ̀ kedere: ilà wíwọ́, àti gìgísẹ̀ tó yọ́ wọnú ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó mọ gìgísẹ̀ yẹn. Ó ń rí i lójoojúmọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ní kí o má ṣí i."

Ràbíátù ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, òfo lọ́wọ́. Kò sí yìnyín ní gbogbo ilé ìtajà tó dé.

"Ẹsẹ̀ mi nìyí, Àǹtí?"

Ràbíátù kọ́kọ́ wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ pa ẹ́. Ìwọ náà jẹ́rìí mi. Mo kàn ní kí o má lọ ni. Ṣé kí n máa gbin ata, kí ará ibòmíràn máa ká a? Gbé e padà kí a wá nǹkan fi bò ó. Bó bá yọ́, o máa bá a lọ."

"Ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀, mà."

"Kí ni mo fẹ́ wò?"

"Ẹ wò ó."

Ràbíátù tẹ̀ ba. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Bùútù tirẹ̀ ló ti yọ́ ní gìgísẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà tó gbé e sún mọ́ híítà jù.

"Bùútù ta lo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Tiyín ni. Èmi ò ní bùútù. Ẹ̀yin lẹ sọ pé bàtà ẹnu ọ̀nà, ti gbogbo ilé ni."

Ràbíátù jókòó sílẹ̀ lójú omi. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ onírun náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun bí ẹja inú yìnyín. Ó pe Rasaq.

"Bọ̀ọ̀dá Rasaq, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bàtà mi ni. Àwa méjèèjì, ta ló ni ín?"

Ohùn Rasaq ti di ti ẹni tó ń di ẹrù. "Ràbíátù, má tún pe nọ́ńbà yìí mọ́."

Fẹ̀yìntọlá ti gbé ike òrí wá. Ó tú ọ̀rá jáde, ó da omi yìnyín náà sí ife méjì, ó pín lẹ̀búlẹ́bú náà sí i. Ó ti ife kan síwájú Ràbíátù.

"Ẹ mu ún, Àǹtí. Ìyá Àgbà ní ohun tó bá ti wọ inú ẹni, kò sẹ́ni tó lè jí i. Ẹ mu tiyín, kí n mu tèmi."

"Oògùn ìyá ẹ ni kí n mu? Èmi tí mo dè ẹ́?" Ràbíátù rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ṣé ọmọdé lo rò pé mo jẹ́?"

"Inú ike kan náà ni mo ti bù ú. Ẹ yan èyí tó bá wù yín."

"Ta ló máa ń gba ẹni tó dè é là?"

"Mo ti jẹun nílé yín, mà."

Ràbíátù wo ife, ó wo ojú rẹ̀. Ìwà ara rẹ̀ ló ń rí níbẹ̀, kò sì lè gbà á gbọ́. Ó da ife tirẹ̀ padà sínú ike, ó dé e, ó sì gbé e dání. Ó sáré sẹ́nu ọ̀nà, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bùútù náà nínú ooru yẹn, bí ẹni fẹ́ dí ihò tí nǹkan ń gbà jò.

"Iná wà lódìkejì odò. Yìnyín á wà níbẹ̀."

Ó wa mọ́tò lọ.

Fẹ̀yìntọlá gbé ife tirẹ̀ mì. Òtútù rẹ̀ dé ìdí ọkàn, lẹ́yìn náà ata inú lẹ̀búlẹ́bú náà jó o láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tó ṣíjú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti gbẹ.

*

Mobáyọ̀ dé ní ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ afárá, Fẹ̀yìntọlá rí mọ́tò Ràbíátù létí títì, lápá ti Maryland, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

"Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀, ẹ dúró."

Ilẹ̀kùn mọ́tò ò tì. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ike wà lórí ìjókòó, ó gbẹ táútáú. Níwájú ìjókòó awakọ̀, bùútù méjèèjì dúró gẹ́lẹ́ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ṣì wà nínú wọn. Ti ọ̀tún ṣófo. Omi kún ti òsì dé ẹnu.

Mobáyọ̀ pe àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n wá, wọ́n bèèrè ìbéèrè, wọ́n wo etí odò títí. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa lọ, Fẹ̀yìntọlá wọ mọ́tò, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń retí òtútù.

Afárá gbé wọn. Òtútù ò wá. Wọ́n dé àárín odò, ó la ẹnu, ohùn sì jáde, ó tóbi ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó kọ ẹsẹ orin kan tán, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Mobáyọ̀ na ọwọ́, ó fẹ́ pa rédíò. Rédíò náà ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀. Ó tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Fẹ̀yìn," ó wí, "ta ló ń gbè ẹ́?"

Fẹ̀yìntọlá panu mọ́. Wọ́n ti kọjá sí Virginia. Nínú ọ̀fun rẹ̀, ohùn kejì náà ò dákẹ́. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ:

"Èyí ò ní lọ."